Kí Ẹ Tó Wa Mọ́tò Dé Ágádẹ̀sì

Fìdítì,
Oṣù Kejìlá, 1962.

Àjíkẹ́ mi,

Awakọ̀ tó ń kó lẹ́tà wá láti Ọ̀yọ́ ló na tìrẹ sí mi lábẹ́ igi ọsàn iwájú ilé. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n wò, ó ní, "Tíṣà, lẹ́tà yìí sanra o. Àbí wọ́n ní kẹ́ ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ ni?" Mo ní rárá, ọmọ mi ló kọ̀wé. Ó sanra lóòótọ́. Ojú-ìwé mẹ́ta ni tìrẹ. Mẹ́ta tó kù jẹ́ ètò ìrìn-àjò tí Báyọ̀ ọkọ rẹ fi ẹ̀rọ tẹ̀, tó fi ìǹkì pupa fàlà sábẹ́ gbogbo orí ọ̀rọ̀.

Ara wa le. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti ń là, ìyá rẹ sì ń fi òrí pa mí lẹ́sẹ̀ bí ẹni ń tún ilẹ̀kùn ṣe kó má baà máa dún. Inú mi dùn pé iṣẹ́ tuntun rẹ ní Kàtsínà bá ọ lára mu. Èmi fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ ọmọ ní A, B, D. Ìwọ ti di ẹni tó ń kọ́ àwọn tíṣà fúnra wọn. Bí mo bá wá kí yín, n kò mọ̀ bóyá mo gbọ́dọ̀ dìde dúró kí n tó dáhùn ìbéèrè.

Ojú-ìwé kejì lẹ́tà rẹ ló gbá mi mú. O ní bí ilé-ìwé bá ti padé, ẹ̀yin méjèèjì yóò wa mọ́tò kékeré tí ẹ rà lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílé yẹn, ẹ ó wọ ilẹ̀ Nìjẹ̀ tó wà lókè tiwa, ẹ ó gba Márádì àti Síńdà kọjá, ẹ ó sì wọ aṣálẹ̀ lọ títí dé Ágádẹ̀sì, ìlú alámọ̀ tí ilé-ìṣọ́ mọ́sálásí rẹ̀ hu igi lára bí òòrẹ̀. Ọjọ́ méje, àlọ àti àbọ̀.

Nígbà tí mo kà á tán, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Kì í ṣe ẹ̀rù ló bà mí. Ìlara ni, ọmọ mi. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti fẹ́ fojú rí ìlú yẹn. Mo tilẹ̀ gbéra lọ síbẹ̀ rí, n kò dé. O kò gbọ́ ìtàn náà rí, nítorí pé bàbá kì í sábà sọ ibi tó ti ṣe òmùgọ̀ fún ọmọ, àfi tí ọmọ bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá.

Àmọ́ ìlà tó kẹ́yìn lẹ́tà rẹ ló há mi lọ́fun: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún Màámi. Ẹ má sì jẹ́ kí ará ilé gbọ́. Tí a bá ti dé ni a ó sọ." Mo lóye ohun tó fà á. Mo sì fẹ́ kí o mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé gbogbo ohun tí mo ń kọ yìí, nítorí ìlà yẹn ni. Omi, táyà àti epo bẹntiróòlù ṣe pàtàkì, n ó sì sọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé àṣírí yẹn sínú mọ́tò, òun ni ẹrù tó máa kọ́kọ́ rì yín mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ níbi tó rọrùn.

Èkíní, ọ̀rọ̀ rúlà. Báyọ̀ kọ ọ́ pé ẹ ó wọ Síńdà ní "aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Mo fẹ́ràn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn. Èèyàn á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n bi í léèrè fún mi: ta ló dúró lẹ́nu ibodè Síńdà pẹ̀lú aago lọ́wọ́ tó ń retí yín?

Má bínú sí i. Èmi náà rí bẹ́ẹ̀, mo tilẹ̀ burú jù ú lọ. Máàpù ńlá tó wà lára ògiri ilé-ìwé ni mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi òwú ìránṣọ tẹ̀ lé ọ̀nà láti Kánò lọ sí Síńdà, mo na òwú náà lé rúlà, mo ṣe ìṣirò, mo sì sọ fún ara mi pé ọjọ́ méjì péré ni. Mo gba máàkì mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, nítorí pé èmi náà ni mo máàkì rẹ̀. Rúlà kì í rì sínú yanrìn, Àjíkẹ́. Òwú kì í ya ní táyà.

Nítorí náà, ohun tí ẹ pè ní ọjọ́ méje, ẹ sọ ọ́ di mẹ́rìnlá. Ẹ sùn ní Márádì lọ́jọ́ kìíní, ní Síńdà lọ́jọ́ kejì. Ẹ fi ọjọ́ kẹta sinmi ní Síńdà, kí ẹ tú mọ́tò yẹ̀ wò, kí ẹ sì bi àwọn onílórì bí ọ̀nà òkè ṣe rí lọ́sẹ̀ náà, torí ọ̀nà yanrìn kì í rí bó ṣe rí lóṣù tó kọjá. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta rìn dé Ágádẹ̀sì, ẹ lo ọjọ́ méjì níbẹ̀, kí ẹ sì bá ọ̀nà kan náà padà bẹ́ẹ̀. Bí ìsinmi yín kò bá gba mẹ́rìnlá, ẹ yí padà ní Síńdà. Ìlú ni Síńdà náà. Kò sí ẹni tó máa bú ẹni tó rí ìdajì aṣálẹ̀ tó sì padà wá ròyìn rẹ̀.

Kí ẹ sì jọ fẹnu kò lórí èyí kí ẹ tó kúrò nílé, nígbà tí inú ẹnikẹ́ni kò tíì gbóná: bí ó bá di ọ̀sán gangan tí ẹ kò tíì dé ìdajì ìrìn ọjọ́ náà, ẹ ó padà síbi tí ẹ sùn. Ẹ má dúró di ojú ọ̀nà kí ẹ tó jiyàn rẹ̀. Mo mọ ọkọ, mo sì mọ ìyàwó. N kò mọ èyí tó máa ń fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ pé ká padà.

Ìkejì, gàrí. Ibí yìí ni mo ti gbọ́dọ̀ sọ ìtàn ara mi.

Àkókò ìsinmi ni. Mo ní àkẹtẹ̀ òyìnbó funfun kan, ṣòkòtò káki, àti ìwé alálà tí mo kọ "Àwọn Ohun Tí Mo Ṣàwárí" sí lẹ́yìn kí n tó ṣàwárí ohunkóhun. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìbàdàn lọ sí Kánò. Ní Kánò, mo rí lórì kan tó ń kó obì lọ sí Síńdà. Mamman ni orúkọ awakọ̀ rẹ̀, àgbàlagbà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òpó, tó ti gbé Sábó ní Ìbàdàn tó fi gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó wò mí láti àkẹtẹ̀ dé bàtà, ó béèrè ohun tí mo fẹ́ lọ tà. Mo ní n kò ta nǹkan kan, ìmọ̀ ni mo ń wá. Ó ní owó ọkọ̀ kan náà ni.

Oúnjẹ tí mo gbé dání ni agolo gàrí ńlá kan, gàrí Fìdítì, èyí tí ìyá mi fọwọ́ ara rẹ̀ yan, tó ń ta lẹ́nu. Mo ní ìgò omi méjì. Mo rò pé mo múra. Ta ni nínú wa, láti ibí dé Ìlọrà, tó máa rin ìrìn-àjò láìmú gàrí dání? Gàrí kì í bàjẹ́, kì í wúwo, kò nílò iná. Ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní mo fi ìdajì ìgò rẹ gàrí. Ní ìrọ̀lẹ́ mo tún rẹ ẹ́. Gàrí ń wú nínú abọ́, inú mi sì ń dùn. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, níbi tí kò ti sí igi mọ́ àyàfi ẹ̀gún, lórì wa rì dé ìdajì táyà ẹ̀yìn, nǹkan kan sì ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ bí igi gbígbẹ. Mamman wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó nu ọwọ́, ó ní a ó dúró títí lórì mìíràn yóò fi kọjá. Mo béèrè pé ìgbà wo nìyẹn. Ó ní ìgbà tí ó bá kọjá.

Mo jókòó sábẹ́ òjìji lórì, mo gbé agolo jáde, mo da omi tó kù nínú ìgò kejì lé gàrí. Mamman ń wò mí. Nígbà tí mo kó òkèlè kìíní sẹ́nu, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀: "Tíṣà, oúnjẹ rẹ ń mu omi ju ràkúnmí lọ."

Agolo gàrí mi kún, ẹnu mi gbẹ, kò sì sí bí a ṣe lè fi èkíní wo èkejì sàn. Èso dàbínù àti wàrà gbígbẹ tirẹ̀ ni mo jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, omi inú àpò awọ rẹ̀ ni mo mu, ìdérí kan lówùúrọ̀, ìdérí kan lọ́sàn-án, ìdérí kan nírọ̀lẹ́. Nítorí náà, Àjíkẹ́, mo mọ̀ pé ìyá rẹ máa fẹ́ fi gàrí ránṣẹ́. Gbà á, dúpẹ́, jẹ ẹ́ ní Kàtsínà. Oúnjẹ tí kò ní bá yín du omi ni kí ẹ gbé: dàbínù, ẹ̀pà sísun, búrẹ́dì gbígbẹ, ẹran tí wọ́n sá. Omi mímu yín yóò wà nínú gálọ́ọ̀nù tirẹ̀, omi ẹ́ńjìnnì yóò wà nínú tirẹ̀, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ yá ọ̀kan nítorí èkejì. Ẹ ṣírò iye tí ẹ rò pé ẹ ó mu, kí ẹ sì gbé ìlọ́po méjì rẹ̀.

Ìkẹta: ẹ má fi mọ́tò sílẹ̀. N kò fẹ́ kọ èyí, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àkísà mi rèé.

Ní ọjọ́ kejì tí a ti rì, Mamman kìlọ̀ fún gbogbo wa pé kí ẹnikẹ́ni má kọjá òjìji lórì. Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo ti ń rí omi láti òwúrọ̀, odò gbọọrọ tó ń dán lójú ọ̀nà iwájú, igi sì wà létí rẹ̀. Mo wò ó pé awakọ̀ ni Mamman, kò kàwé. Èmi tí mo kàwé ni mo mọ ohun tí odò jẹ́. Nígbà tó sùn lọ́sàn-án, mo dé àkẹtẹ̀, mo mú kẹ́tùrù, mo rìn lọ bá odò náà. Odò náà ń rìn síwájú bí mo ṣe ń rìn. Nígbà tó yá, kò sí odò, kò sí igi, n kò sì rí lórì mọ́. Mo yí padà, mo ń tọ ipasẹ̀ ara mi, afẹ́fẹ́ sì ti pa á rẹ́ bí ẹni nu pátákó ìkọ̀wé. Mo bú ara mi ní èdè méjèèjì tí mo gbọ́. Mo ń rìn kíákíá, ó dá mi lójú gan-an pé lórì wà níwájú mi.

Ni mo bá gbọ́ ariwo irin. Mamman ti jí, ó ti gun orí ẹrù obì, ó sì ń fi ìdí ṣọ́bìrì lu agolo òfìfo tó ti gbé epo ọkọ̀ rí. Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé ẹ̀yìn mi ni ariwo náà ti ń wá. Mo kẹ́yìn sí lórì, mo ń sá lọ, mo sì ń búra pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń lọ. Bí kò bá jí ni, ìwọ ì bá má kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni ní Fìdítì.

Nígbà tí mo dé, kò na ohùn sókè. Ó gba kẹ́tùrù lọ́wọ́ mi, ó yí i délẹ̀ láti fi hàn mí pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó sì lọ jókòó. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ lórì mìíràn kọjá, ó fà wá dé Síńdà, ibẹ̀ ni mo sì ti yí padà sílé. Nítorí náà, bí mọ́tò bá dákẹ́, ẹ jókòó tì í. Mọ́tò tóbi ju èèyàn lọ, ẹni tó bá ń wá yín yóò kọ́kọ́ rí i. Ẹ gbé agolo dání, kí ẹ sì gbé ṣọ́bìrì àti pákó méjì tí ẹ lè tẹ́ sábẹ́ táyà. Bí yanrìn bá rọ̀, ẹ yọ díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ táyà, ẹ ó nílò páǹpù láti dá a padà. Ẹ gbé táyà méjì sápá kan, kì í ṣe ọ̀kan, kí ẹ sì rọ epo bẹntiróòlù kún ní Síńdà, kí ẹ tún gbé ti inú gálọ́ọ̀nù dání. Láti Síńdà lọ sókè, ẹ má dá lọ rárá: ẹ wá lórì tó ń lọ Ágádẹ̀sì, ẹ bẹ awakọ̀ rẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ lé e. Kí Báyọ̀ má ṣe wí pé lórì ń falẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ dúró síbi tí ẹ bá wà. Ọ̀nà tí ojú ọ̀sán ò rí délẹ̀, iná mọ́tò kò ní rí i.

Ìkẹrin, tàbí ìkarùn-ún (n kò ka nọ́ńbà mọ́, kò sì sí alábẹ̀wò ilé-ìwé tó lè kọ̀wé lórí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì): ẹ máa kí èèyàn. Nígbà tí a dé ibodè lọ́jọ́ kìíní, kí lórì tó rì, èmi ni mo ṣáájú pẹ̀lú àkẹtẹ̀ mi, mo bá ọlọ́pàá ibẹ̀ sọ gẹ̀ẹ́sì tó dùn, tí mo ti kọ sílẹ̀ láti ilé. Ó jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó wá sọ Faransé fún mi fún àkókò tó gùn tó bẹ́ẹ̀, ó sì wọlé lọ jẹun. Mamman ló lọ bá a, ó bẹ̀rẹ̀, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ọyẹ́, ó béèrè ẹran ọ̀sìn. Mo rò pé yóò béèrè igi tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì béèrè ohun tó bá wá kí ọlọ́pàá tó ṣí ibodè. Ìwọ ti ń gbọ́ Haúsá, lò ó. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ kí onílé la máa ń fi ọ̀nà tòótọ́ hàn. Kí ìwé mọ́tò àti ìwé ìwọ̀lú yín wà lọ́wọ́ rẹ, má ṣe jẹ́ kó wà nísàlẹ̀ àpótí.

Ó wá ku ìlà tó kẹ́yìn lẹ́tà rẹ.

Kí n tó lọ nígbà yẹn, mo sọ fún ìyá mi pé ìpàdé àwọn tíṣà ni mo ń lọ ṣe ní Ọ̀yọ́, ọjọ́ mẹ́rin. O mọ bí ó ti rí nílẹ̀ wa. Ẹni tó ń rìnrìn-àjò kì í pariwo rẹ̀. A kì í mọ ẹni tó ń fetí kọ́ ọ. Wọ́n ti fi kọ́ wa láti kékeré pé kí a gbé ẹsẹ̀ wọ́ọ́rọ́, kí a dé kí a tó sọ. N kò bú àṣà náà. Ṣùgbọ́n mo fi ṣe bojúbojú. Kì í ṣe aráyé ni mo ń sá fún. Mo mọ̀ pé ìyá mi yóò ní kí n má lọ ni. Mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tìrẹ rí. Bí mo bá ṣì ọ́ mú, dárí jì mí.

Nígbà tí mo jókòó sábẹ́ lórì yẹn, ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe òǹgbẹ. Ó jẹ́ pé kò sí ẹyọ ẹnìkan láyé tó mọ ibi tí mo wà. Bí wọ́n bá fẹ́ wá mi, Ọ̀yọ́ ni wọn yóò ti wá mi. Ibẹ̀ gan-an ni ìyá mi sì ti wá mi. Nígbà tí ọjọ́ kẹfà pé, ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Fìdítì, ó gba Ìlọrà dé Ọ̀yọ́, ó ń yà ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè ìpàdé tí kò sí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn kan ti ń fi ojú àánú wò ó.

Nígbà tí mo padà délé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ètè mi là, tí imú mi bó, ó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ó gbójú sókè wò mí. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Àkànní, ìpàdé Ọ̀yọ́ ńkọ́?" Ó sì tún ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ. Kò tún béèrè mọ́ láyé rẹ̀.

Nítorí náà, pa á mọ́ fún ẹni tí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n má pa á mọ́ fún ẹni tó máa wá ọ. Àwọn tó máa wá ọ kì í ṣe aráyé. Mú ètò Báyọ̀ (yọ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kúrò), kọ ọ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún ọ̀gá ilé-ìwé rẹ ní Kàtsínà, kí ó mọ ọjọ́ tó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè yín, torí èmi tí mo wà ní Fìdítì kò lè tètè dé, ọ̀kan fún àwọn ọlọ́pàá ibodè, ọ̀kan fún mi. Ibi tí ẹ ó sùn lálẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kọ. Bí ẹ bá yí i padà, ẹ fi wáyà ránṣẹ́ láti Síńdà.

Kí ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo àwọn nǹkan wọ̀nyí, torí pé wọ́n ti ń jà nínú mi láti nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Igi tó yọ lára ilé-ìṣọ́ amọ̀ yẹn, ṣé àtẹ̀gùn ni fún àwọn tó ń tún un rẹ́, àbí òun ló gbé amọ̀ dúró? Báwo ni wọ́n ṣe ń di òkúta iyọ̀ tí wọ́n ń kó la aṣálẹ̀ kọjá mọ́ ràkúnmí kí ó má baà fọ́? Kí ni ọmọdé ibẹ̀ ń fi ṣeré níbi tí kò sí igi tí wọ́n lè gùn? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni òtútù ibẹ̀ ń jẹ́ kí omi dì lówùúrọ̀, tàbí Mamman ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Sì bu yanrìn ẹ̀kúnwọ́ kan sínú àpò ìwé fún mi. Mo ti rí i rí, ṣùgbọ́n nígbà yẹn n kò wà nípò ẹni tó lè wò ó dáadáa.

*

Ibí yìí ni mo kọ lẹ́tà yìí dé láná. Mo fẹ́ kí ìwọ fúnra rẹ yọ̀ǹda fún mi kí n tó sọ fún ìyá rẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ó gbé agbọ̀n àgbálùmọ̀ wá lówùúrọ̀ yìí, ó jókòó tì mí lábẹ́ igi ọsàn, ó ń ṣa èyí tó pọ́n. Ó ní, "Bàbá Mojí, lẹ́tà ta ni ẹ ń kọ láti ìjẹta tí kò tán?"

Mo ní ìwọ Mojí ni.

"Kí ni Mojí ṣe?"

Mo ní kò ṣe nǹkan kan.

"Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan kì í gba lẹ́tà tó pọ̀ tó yìí."

Àjíkẹ́, mo ti parọ́ fún ìyá kan nítorí Ágádẹ̀sì rí. N kò lè parọ́ fún èkejì. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un, tìrẹ àti tèmi, láti orí dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo ka ibi gàrí, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ka ibi Ọ̀yọ́, ó dẹ́kun àgbálùmọ̀ ṣíṣà.

Ó ní, "Ìyá yín sọ ọ́ fún mi kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní irọ́ yín kọ́ ló dun àwọn. Wọ́n ní nígbà tí àwọn fẹ́ gbàdúrà fún yín, àwọn kò mọ apá ibi tí àwọn máa kọjú sí."

N kò gbọ́ èyí rí.

Ó wá béèrè pé, "Ágádẹ̀sì yìí, apá ibo ló wà?"

Mo na ọwọ́ sí ọ̀nà Ọ̀yọ́, mo ní kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀, kí ó kọjá Ọ̀yọ́, kí ó kọjá Odò Ọya, kí ó kọjá ibi tí ìwọ wà, kí ó ṣì máa lọ. Ó dìde, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó yí i sí apá ibẹ̀, ó sì tún jókòó. Ó ní ọjọ́ mélòó? Mo ní mo ti ní kí ẹ sọ ọ́ di mẹ́rìnlá. Ó jẹ àgbálùmọ̀ títí tó fi kó kóró mẹ́rìnlá jọ, ó fọ̀ wọ́n, ó sá wọn, ó kó wọn sínú igbá kékeré. Lẹ́yìn náà ó fi méjì kún un. Mo bi í pé kí ni ti méjì yẹn. Ó ní, "Ọ̀kan fún ọjọ́ tí mọ́tò bá bàjẹ́. Ọ̀kan fún ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ bá kọ̀ láti béèrè ọ̀nà."

Kò ní kí o má lọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí o lè kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ní kí n sọ ni pé kí o kọ ọjọ́ tí ẹ ó gbéra sí wa, kí ẹ sì gbéra lọ́jọ́ náà gan-an, torí pé láti òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni òun yóò ti máa mú kóró kọ̀ọ̀kan kúrò nínú igbá. Bí ẹ bá padà dé Kàtsínà, ẹ fi wáyà ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan péré tó: "Dé." Bí a bá mú kóró kẹrìndínlógún tí wáyà kò dé, a ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kánò, èmi àti òun. Ó ti pinnu rẹ̀, kò sì bi mí. Àkẹtẹ̀ mi ṣì wà lókè àjà. Eku ti jẹ etí rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n orí mi náà kò tó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Kí ọ̀nà rọ̀ yín lọ́rùn, àmọ́ kí yanrìn rẹ̀ má rọ̀. Kí ẹ rí ohun tí ẹ ń wá, kí ẹ sì padà wá ròyìn rẹ̀ fún àgbàlagbà méjì tó jókòó lábẹ́ igi ọsàn, tí wọ́n kọjú sí apá ọ̀dọ̀ yín.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò dé Ágádẹ̀sì.